Wíwá Wákàtí Mẹ́rin, Lílọ Odindi Ọjọ́ Kan

Ojo ni mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Bí ìlẹ̀kùn bá dún gbàà, èmi ni màá kọ́kọ́ fò sókè. Bí fóònù bá dún láàárọ̀ kùtù, kí n tó gbé e, mo ti sunkún òkú tán nínú ọkàn mi, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ṣi nọ́ńbà pè ni. Màámi máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, igbe tí mo ké kì í ṣe igbe ọmọ tuntun, igbe ẹni tí wọ́n dẹ́rù bà ni. Irú èmi yìí ni ìfẹ́ wá mú, tó gbé mi lé ọkùnrin tí ilé rẹ̀ wà ní òdìkejì ayé lọ́wọ́.

Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ìsàlẹ̀ ilé ni yàrá wa wà, kò ní fèrèsé, ooru sì máa ń kún ibẹ̀ láti àárọ̀. Àwa obìnrin la máa ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì, tí a ń lọ aṣọ àwọn dókítà, tí a sì ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ọkọ àti ọmọ. Nígbà tó yá, ilé ìwòsàn ra àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ tuntun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ga ju ènìyàn lọ. Iléeṣẹ́ tó ṣe wọ́n rán ọkùnrin kan láti òkèèrè pé kó wá tò wọ́n, kó sì dúró tì wọ́n fún ọdún kan. Ẹlẹ́rọ la sọ ọ́. Kò bínú sí i.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ tan èyí tó tóbi jù, nǹkan náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn yòókù ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Èmi ju aṣọ ọwọ́ mi sílẹ̀, mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, orí àtẹ̀gùn ni mo ti bá ara mi. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí. Ẹlẹ́rọ kò rẹ́rìn-ín. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó wá jókòó sísàlẹ̀ ibi tí mo wà, ó ní kí n sọ fún òun, kí ni mo rò pé ó fẹ́ ṣẹlẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ náà lè já kúrò nílẹ̀ kó yí lù wá. Ó ní ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀. Mo ní páìpù ẹ̀yìn rẹ̀ lè tú kí omi gbígbóná bó wa lára. Ó ní ìyẹn lè ṣẹlẹ̀ o, òun ò tíì wo ibẹ̀ dáadáa. Ó lọ wò ó. Nọ́ọ̀tì kan ti dẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́.

Láti ọjọ́ náà, kó tó tan ẹ̀rọ kankan, á kọ́kọ́ wá bi mí bóyá ẹ̀rù nǹkan kan ń bà mí. Láti kékeré ni gbogbo ayé ti ń sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan, pé kí n fọkàn balẹ̀. Òun nìkan ló ka ẹ̀rù mi sí ọ̀rọ̀ gidi. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ohun tó gba ọkàn mi lọ́wọ́ mi nìyẹn. Kì í ṣe ẹwà, torí etí rẹ̀ tóbi.

A bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ọ̀sán pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn ilé ìfọṣọ, níbi tí a ti ń gbọ́ tí àwọn ọkọ̀ agbókùú-gbáláìsàn ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Ọdún kan kò pẹ́ lójú ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn. Nígbà tó ku díẹ̀ kó lọ, ó gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ kí a fẹ́ra wa, kí n wá máa bá òun gbé nílé òun. Mo bi í pé báwo ni ilé náà ṣe jìn tó.

"Wákàtí mẹ́rìnlá nínú ọkọ̀ òfúrufú, láìsọ̀ kalẹ̀ níbì kankan. Ẹgbẹ̀rún méjìlá kìlómítà, omi ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mi ò ní dín in kù fún ọ."

Mi ò wọ ọkọ̀ òfúrufú rí, bí mo bá sì wọ ọkọ̀ ojú omi pàápàá, ẹ̀yìn ni mo máa ń wò títí màá fi sọ̀ kalẹ̀. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá mo lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní kò burú, òun á kọ́kọ́ padà wá rí bàbá mi, a ó sì máa wò ó láti ibẹ̀. Ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, ìyá tó dàgbà jù nínú wa ní ilé ìfọṣọ ń wò mí bí mo ṣe ń lọ aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní kí n má bínú o, ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá lè pe ara rẹ̀ ní ohun tó bá wù ú, ta ló máa lọ wo ilé rẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára bí òtútù.

Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ fún yín. Tírélà ni wọ́n wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti wà á kọjá ibodè orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan, ọkọ̀ kò jóná mọ́ wọn lọ́wọ́ rí, wọn kò sì fi pa ènìyàn. Wọ́n ní òfin kan tí gbogbo ilé wa mọ̀: wọn kì í kó ẹrù gba ọ̀nà tí wọn kò tíì gbà rí. Bí ọ̀gá bá fẹ́ rán wọn sí ìlú tuntun, wọ́n á kọ́kọ́ jókòó ti awakọ̀ mìíràn lọ síbẹ̀ lófìfo, wọ́n á wo kọ́nà, wọ́n á wo afárá, wọ́n á wo ibi tí bíréèkì ti máa ń ṣiṣẹ́ jù, kí wọ́n tó padà wá gbé ẹrù. Nítorí náà, nígbà tí Àǹtí mi, àbúrò Bàbá tó ń ṣe irun fún àwọn obìnrin, gbà láti bá mi gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, mo ti mọ ohun tí Bàbá máa sọ.

"Ìlú tí mi ò lè wakọ̀ dé bí ọmọ mi bá pariwo, mi ò ní fọmọ síbẹ̀," ni wọ́n sọ. Wọ́n ń bó ọsàn lọ́wọ́, wọn kò sì gbójú sókè.

Àǹtí ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bàbá ní àwọn ti rí ọ̀kẹ́rẹ́ tó tó àwọn, kí èyí tó jẹ́ abuké dúró sílé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Àárọ̀ ni Ẹlẹ́rọ máa ń pè mí, kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, oòrùn ti ń wọ̀. A máa ń fi rẹ́rìn-ín, pé èmi ń jí, òun ń múra oorun.

Ìgbà tó gba ààyè níbi iṣẹ́, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí Àǹtí kí wọ́n lè mọ ìgbà tí òun ń bọ̀. Àǹtí kò dúró gbọ́ tẹnìkan. Àárín oníbàárà wọn ni wọ́n ti dìde, tí wọ́n fi irun onírun sílẹ̀ ní ìdajì, ó di iwájú Bàbá. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n àwọn wá wo nǹkan. Ọmọkùnrin náà máa gbéra ní aago mẹ́jọ àárọ̀, á sì balẹ̀ síbí ní aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an. Wákàtí mẹ́rin péré.

Bàbá gba fóònù, wọ́n gbé e jìnnà sí ojú, wọ́n gbé e súnmọ́. "Wákàtí mẹ́rin? Ibi tí mo ti máa ń lọ gbé sìmẹ́ǹtì jìnnà ju ìyẹn lọ, mo sì máa ń padà wá jẹun alẹ́. Kí wá ni ẹ ti ń pariwo pé ọ̀nà jìn sí?" Wọ́n ní kó máa bọ̀, àwọn á gbọ́ ẹnu rẹ̀.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Àyà mi já ni. Mo fa Àǹtí sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní mẹ́rìnlá ni Ẹlẹ́rọ sọ fún mi o. Wọ́n ní ṣé mo mọ̀ ju tíkẹ́ẹ̀tì lọ ni, bóyá ó fi mẹ́rìnlá dán mi wò láti mọ̀ bóyá mo lè tẹ̀lé e. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fọgbọ́n bi í pé wákàtí mélòó ló tún pè é. Ó ní mẹ́rìnlá, ṣé ẹ̀rù ti tún ń bà mí? Mo ní rárá. Mo sì pa fóònù kó má gbọ́ bí èémí mi ṣe ń lọ sókè sódò.

Ẹ gbà mí. Kí ló dé tí ènìyàn máa fi wákàtí mẹ́wàá lé mẹ́rin? Bí ó bá lè parọ́ lórí ọ̀nà, kí ló kù tí kò lè parọ́ lé? Ṣé ìyàwó wà nílé? Ṣé kì í ṣe ibi tó ní òun ń gbé ló ń gbé? Mo mọ̀ pé ilẹ̀ máa ń ṣú lọ́dọ̀ wọn kó tó ṣú lọ́dọ̀ wa, àwa méjèèjì ló ń fi rẹ́rìn-ín láràárọ̀, ṣùgbọ́n orí mi kò so ọ̀rọ̀ náà mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ènìyàn ro nǹkan pọ̀. Mo kàn ń lọ aṣọ àwọn dókítà, mo ń jó ọrùn ẹ̀wù wọn.

Ó dé. Àǹtí ló mú un wọlé ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó kí Màámi, ó jókòó sí etí àga bí ẹni tí wọ́n máa lé. Ó ṣàlàyé pé ìyá òun nìkan ló kù fún òun, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọn kò lè rìnrìn àjò. Bàbá bi í nípa iṣẹ́ rẹ̀, ó dáhùn. Wọ́n bi í nípa ọ̀nà àti ọkọ̀ ìlú wọn, ó dáhùn ìyẹn náà. Nígbà tó sọ pé òun máa ń tẹ́tí sí ẹ̀rọ kí òun tó fọwọ́ kàn án, mo rí i tí ojú Bàbá rọ̀. Wọ́n ní kí Màámi gbé nǹkan mímu wá fún un. Ọkàn mi ń sọ pé ó ti tán, Ọlọ́run ṣé.

Ẹlẹ́rọ wá rò pé kí òun fi òótọ́ inú òun hàn. Ó yọ tíkẹ́ẹ̀tì mi jáde, ó ní òun ti rà á sílẹ̀ kí n lè wá kí ìyá òun kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó kò, bí Bàbá bá yọ̀ǹda. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Bàbá. Bàbá wọ awò ojú, wọ́n kà á, wọ́n ń fi ìka ka nǹkan lórí orúnkún. Wọ́n tún kà á.

"Ọ̀nà kan náà nìyí?"

Ẹlẹ́rọ ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

"Ìwọ gbéra ní mẹ́jọ, o dé ní méjìlá. Ọmọ mi máa gbéra ní mẹ́fà àárọ̀, á dé ní mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì. Wíwá tìrẹ wákàtí mẹ́rin, lílọ tirẹ̀ odindi ọjọ́ kan." Wọ́n bọ́ awò ojú. "Mo ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí ọ. Ọ̀nà tí wíwá rẹ̀ yá tí lílọ rẹ̀ kò lópin, ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì gbà á kì í padà wálé."

Màámi gbé ọwọ́ lé orí. Àǹtí gbójú sílẹ̀. Ẹlẹ́rọ ṣàlàyé pé wákàtí mẹ́rìnlá ni àlọ, mẹ́rìnlá ni àbọ̀, pé aago ìlú àwọn ló fi wákàtí mẹ́wàá ṣíwájú tiwa, tíkẹ́ẹ̀tì sì máa ń kọ aago ìlú tí ènìyàn bá wà. Bí ènìyàn bá ń bọ̀ níbí, aago á dá mẹ́wàá padà fún un. Bí ó bá ń lọ, aago á gba mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó ṣe sọ ọ́ báyìí ni nǹkan kan là ní orí tèmi. Ìtura bá mi díẹ̀. Mo wo Bàbá bóyá ó là ní tiwọn náà.

Bàbá ní kó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù níbẹ̀, kí gbogbo wa gbọ́. Oòrùn ọ̀sán ń ràn gbọọrọ lójú fèrèsé wa. Fóònù dún títí, ohùn ìyá àgbà kan sì jáde, ohùn oorun, ó ń gbọ̀n. Wọ́n ní àárín òru rèé, kí ló ṣẹlẹ̀, ṣé kò sí nǹkan o, ṣé ara rẹ le? Ẹlẹ́rọ ní kò sí nǹkan kan, kí wọ́n padà sùn. Wọ́n bi í lẹ́ẹ̀mejì sí i kí wọ́n tó gbà.

Mo rò pé ìyẹn á tán ọ̀rọ̀. Ó dá kún un ni. Bàbá gbọ́ ẹ̀rù nínú ohùn ìyá náà, wọ́n sì mọ ẹ̀rù náà, tiwọn ni. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn.

"Ó yé mi báyìí. Ọmọ mi á wà níbi tó jẹ́ pé tiwọn ń ṣú nígbà tí tiwa ń mọ́. Bó bá ké sí mi, oorun ni màá wà. Kí n tó jí, kí n tó fi wákàtí mẹ́rìnlá dé ibẹ̀, kí ni màá bá?" Wọ́n ní, "Aago lè sọ ohun tó bá wù ú, ara ènìyàn ni kì í parọ́. Èmi kì í kó ẹrù gba ọ̀nà tí mi ò tíì gbà rí. Èmi ni màá kọ́kọ́ lọ."

A rò pé wọ́n ń ṣeré ni. Bàbá kì í ṣeré lórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ẹlẹ́rọ padà lọ láìní èsì kankan lọ́wọ́, ó sì pa tíkẹ́ẹ̀tì tèmi dà sí tiwọn. Ìwé ìrìnnà wọn ti gbó, wọ́n gba tuntun, wọ́n tọrọ àṣẹ ìwọ̀lú, èmi náà gba tèmi pọ̀ mọ́ tiwọn, ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ní gbogbo ìgbà náà, ìbẹ̀rù méjì ló ń bá mi sùn. Èkíní, kí Bàbá lọ kí wọ́n sì sọ pé rárá. Èkejì kò ṣeé sọ lẹ́nu.

Ní ìdájí ọjọ́ tí wọ́n lọ, wọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí aago ọwọ́ wọn padà. Wọ́n ní aago ilé ni àwọn á fi wọ ọ̀nà náà. Wọ́n rìn wọlé ní pápákọ̀ òfúrufú láìwẹ̀yìn, aṣọ òtútù tí wọ́n fi ń wakọ̀ lọ́jọ́sí ni wọ́n wọ̀. Mo ń wo ẹ̀yìn wọn, ó sì jọ mí lójú pé wọ́n ti kéré sí i.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni ọkọ̀ gbéra. Bí Ẹlẹ́rọ bá sọ òtítọ́, ó yẹ kí wọ́n balẹ̀ ní aago mẹ́jọ ìrọ̀lẹ́ wa. Mi ò lè lọ síbi iṣẹ́. Mo fọ gbogbo ohun tó ṣeé fọ̀ nínú ilé, mo fọ aṣọ tó mọ́. Màámi jókòó sí ibi kan náà láti ọ̀sán, wọn kò gbàdúrà sókè, ẹnu wọn kàn ń mì. Àǹtí ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n wá jókòó tì wá. Ẹlẹ́rọ ti ṣàlàyé títí, síbẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ṣì ni Àǹtí gbà gbọ́. Wọ́n ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, ó di àárọ̀ ọ̀la kí a tó gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni.

Aago mẹ́jọ lù. Fóònù kò dún. Mo sọ fún ara mi pé wọ́n á kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ná. Mẹ́jọ àbọ̀ kọjá. Mo pe Ẹlẹ́rọ, kò gbé e. Ẹ̀rù tó wá dé bá mi nígbà náà, mi ò mọ irú rẹ̀ rí. Bí fóònù kò bá dún, ọ̀kan nínú méjì ni: yálà ọkùnrin tí mo fẹ́ ti parọ́ fún mi láti ọjọ́ kìíní, tàbí bàbá mi wà nínú omi. Ohun tó sì tì mí lójú jù, mo bá ara mi níbi tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ irọ́ ni. Kí Ẹlẹ́rọ jẹ́ òpùrọ́, kí n pàdánù rẹ̀, kí Bàbá ṣáà wà láyé.

Fóònù dún nígbà tí aago mẹ́sàn-án ku díẹ̀. Màámi ló gbé e. Bàbá ni.

"Wákàtí mẹ́rìnlá ni. Mo wo aago mi," ni wọ́n sọ, ohùn wọn kéré. "Ọmọ náà kò parọ́." Wọ́n ní àwọn ìbéèrè ní ẹnu ibodè ló dá àwọn dúró, pé Ẹlẹ́rọ dúró de àwọn títí, pé ojúmọ́ ń mọ́ lọ́dọ̀ àwọn. Màámi bi wọ́n pé báwo ni ọ̀nà. Wọ́n ní ọ̀nà wà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ní wọ́n máa lò. Ọ̀sẹ̀ méjì pé, Ẹlẹ́rọ pè wá pé Bàbá ní ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, wọ́n sún ìrìn àjò náà síwájú. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di pé inú ń run wọ́n. Nígbà kẹta, wọ́n dé pápákọ̀ òfúrufú, wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n tún kó o padà sínú ọkọ̀, àwọn àti ìyá Ẹlẹ́rọ sì jọ padà sílé. Ìyá náà rò pé ìfẹ́ ìlú àwọn ló dá Bàbá dúró. Èmi rò pé wọ́n rí nǹkan kan níbẹ̀ tí wọn kò fẹ́ sọ. Mi ò lè bi Ẹlẹ́rọ, òun náà kò mọ̀.

Bàbá pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ra.

"Ó mì lórí omi," ni wọ́n sọ. "Ó mì títí. Mo wá ibi tí màá tẹ bíréèkì, kò sí bíréèkì. Mo wá nǹkan tí màá dì mú, àga ni mo rí. Bí mo bá jókòó ti awakọ̀ mìíràn, mo ṣì máa ń rí ọ̀nà; lójú sánmà, mi ò rí nǹkan kan. Mi ò lè padà wọ̀ ọ́ ní èmi nìkan. Wá mú mi. Má sọ fún ìyá rẹ."

Mi ò gbọ́ kí Bàbá sọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn rí láyé mi. Mo fẹ́ sọ pé ẹ rán ẹlòmíràn, ẹ wo irú ẹni tí ẹ ń pè. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ara mi ni pé, "Mò ń bọ̀, sà."

Ẹlẹ́rọ ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn fún mi, mo sì sọ fún Màámi pé ìyá rẹ̀ ni mò ń lọ kí. Báwo ni mo ṣe dé inú ọkọ̀ náà, mi ò lè sọ ọ́ dáadáa. Mo mọ̀ pé nígbà tí ilẹ̀ fi wá sílẹ̀, mo di ọwọ́ obìnrin tí mi ò mọ̀ rí mú, kò sì gbà á lọ́wọ́ mi. Omi dé, omi náà kò tán. Ó mì níbẹ̀ lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe sọ, mo sì sunkún láìbo ojú. Mo fẹ́ kí ó padà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá ronú pé kó padà, mo máa ń rántí pé ẹni kan wà níwájú tí ẹ̀rù ń bà ju èmi lọ, tó ń wo ọ̀nà mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi tí mo sáré lọ síbi tí ẹ̀rù wà.

Ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tí mo jáde síta. Wọ́n dúró sí ìdí irin tí wọ́n fi dá èrò dúró, Ẹlẹ́rọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìyá rẹ̀ jókòó lórí àga, ó fi ọ̀pá lé ilẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Bàbá fà mí dìde kí orúnkún mi tó kanlẹ̀, wọ́n dì mí mú, mo sì gbọ́ bí àyà wọn ṣe ń lù.

"Ó mì?" ni wọ́n bi mí.

"Ó mì, sà."

"Lórí omi yẹn?"

"Níbẹ̀ gan-an."

"O ò wá padà."

Mo ní ta ni màá ní kó dá a padà fún mi? Wọ́n rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n yíjú sí Ẹlẹ́rọ. Wọ́n ní ohun tí àwọn ń bẹ̀rù ni pé bí nǹkan bá ṣe ọmọ àwọn lọ́nà jíjìn, àwọn kò ní lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sọ sí àwọn lọ́kàn rárá pé àwọn ni nǹkan máa ṣe, tí òun ni yóò wá dé ọ̀dọ̀ àwọn. Wọ́n ní kí a fẹ́ra wa, àwọn ti rí ọ̀nà náà. Ìyá Ẹlẹ́rọ ṣe àmín láti orí àga.

Mo mú Bàbá padà sílé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọwọ́ wọn wà nínú ọwọ́ mi. Ní oṣù kẹta lẹ́yìn ìyẹn, a ṣe ìgbéyàwó. Ó wá ku ọjọ́ tí èmi àti ọkọ mi máa lọ, tí mi ò ní bá wọn padà mọ́.

Ní pápákọ̀ òfúrufú, Màámi sunkún, Àǹtí sunkún, wọ́n tún ń bá mi tún irun mi ṣe nínú ẹkún náà. Bàbá kò sunkún. Wọ́n mú mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n tún ọrùn ẹ̀wù mi ṣe.

"Bí ẹ̀rù kan bá bà ọ́ níbẹ̀," ni wọ́n sọ, "pè mí. Òru ni o, ọ̀sán ni o. Màá wá."

Èmi àti wọn la jọ mọ̀ pé ẹ̀rù máa bà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà dé òpin. A sì jọ mọ̀ pé wọ́n máa wá.